Ọmọ méjì fẹ́ fi badmíńtọ̀n ẹlẹ́ni méjì jẹun: ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Aṣerò:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 17, èkejì 18. Wọ́n ti ṣe WAEC tán. Wọ́n jọ ń gbá badmíńtọ̀n ẹlẹ́ni méjì, wọ́n sì ti kéde fún gbogbo ilé pé iṣẹ́ táwọn máa ṣe nìyẹn. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni kí á rà, ta ló ń fi orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún ìdíje òkè òkun, ibo sì ni owó ti ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe àkàwé fún mi. Badmíńtọ̀n ni mo ń bèèrè.

Kóòṣì Kútọ̀:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá wa. Màá fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tèmi ni pé gbígbá mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń pinnu ẹlẹ́ni méjì: sáfù tó ń bẹ̀rẹ̀ ayò, èsì sáfù, àti gbígbá kẹta. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí máa ń fi gbogbo ọ̀sán gbá smash, ìyẹn gbígbá mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára. Tó bá kan sáfù, wọ́n á gbá mẹ́wàá, wọ́n á ní ó ti tó. Lọ́jọ́ ìdíje, sáfù ni wọ́n fi ń fún alátakò ní àmì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo pápá náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 13.40, ìbú rẹ̀ fún ẹlẹ́ni méjì sì jẹ́ 6.10. Ìlà sáfù iwájú jìn sí nẹ́ẹ̀tì ní mítà 1.98. Ìlà sáfù ẹ̀yìn fún ẹlẹ́ni méjì sì wọ inú pápá ní mítà 0.76 láti ìlà ìparí. Ìyẹn ni pé àyè tí sáfù lè balẹ̀ sí jẹ́ mítà 3.96 péré láti iwájú sẹ́yìn. Ìdí rèé tí sáfù gíga tí àwọn ẹlẹ́nìkan ń lò kò fi bójú mu níbí: kò sí ẹ̀yìn tí ó máa lọ, ẹni tó ń gbà á kò ní ju ìgbésẹ̀ méjì lọ kó tó gbá a mọ́lẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ga ní mítà 1.55 lára òpó, ó sì jẹ́ 1.524 láàárín. Òfin ní gbogbo ara ṣọ́tù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbá kọjá nẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ mítà 1.15 nígbà tí rákẹ́ẹ̀tì bá kàn án. Nítorí náà ṣọ́tù gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀ kó tó sọ̀. Ẹni tó mọ sáfù gbá, ṣọ́tù rẹ̀ máa ń ga tán ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, bó bá fi máa kọjá nẹ́ẹ̀tì, ó ti ń sọ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, orí nẹ́ẹ̀tì gan-an ni tirẹ̀ ti ń ga jù, ibẹ̀ sì ni alátakò dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ òpó méjèèjì, kó fi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju nẹ́ẹ̀tì lọ. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura kékeré sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà sáfù iwájú, níbi tó ti pàdé ìlà àárín. Sáfù 100 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: 60 sórí aṣọ ìnura, 20 sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ìta, 20 tí wọ́n máa fi ọrùn ọwọ́ jù sẹ́yìn lójijì. Kúkúrú tí kò bá gba abẹ́ okùn kọjá, kí wọ́n má kà á.

Bí ṣọ́tù bá ń fò sókè jù, àtàǹpàkò ló ti tẹ gíríípù jù, kí ọmọ náà tú ọwọ́ sílẹ̀, kó sì di gíríípù mú nítòsí igi rákẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń wọ nẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń ju ṣọ́tù sílẹ̀ kó tó gbá a. Ọwọ́ tó mú ṣọ́tù kò gbọ́dọ̀ mì, rákẹ́ẹ̀tì ni kó wá bá a. Bí adájọ́ bá ń ké fọ́ọ̀tì, ìyẹn pé wọ́n ṣẹ̀ sí òfin, ẹ wo ẹsẹ̀: apá kan nínú ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, láìyẹ̀, títí ṣọ́tù á fi lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀jà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi smash ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí o. Satwiksairaj Rankireddy ará Íńdíà gbá smash tó sáré tó kìlómítà 565 ní wákàtí kan lọ́dún 2023, Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́ni méjì lòun náà ń gbá.

Kóòṣì Kútọ̀:
Àbúrò, ìdánwò ni wọ́n ti wọn ìyẹn, kì í ṣe inú ayò tí alátakò méjì dúró síwájú ẹ. Èmi ò ní kí wọ́n má gbá smash. Ibi tí wọ́n ń gbá a sí ni mò ń wò. Smash tó lọ sí ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń jáde, ó sì máa ń fún alátakò láyè láti dá a padà sí ibi tó ṣófo. Àárín àwọn méjèèjì ni kí wọ́n gbá a sí, tàbí ìbàdí apá tí ẹni tó wà níwájú wọn gan-an fi di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń há.

Obìnrin sì ni ọmọ Ìyá wa. Nínú ẹlẹ́ni méjì obìnrin, ayò máa ń gùn ju ti ọkùnrin lọ dáadáa, smash kan ṣoṣo kì í sábà parí ẹ̀. Ẹni tó bá lè gbé ṣọ́tù sókè dé ẹ̀yìn pátápátá nígbà mẹ́wàá láìgé e kúrú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì rẹ̀, òun ló ń jẹ. Lift tó bá dúró sí àárín pápá, ẹ̀bùn ni.

Àbúrò Pánsẹ́kẹ̀:
Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí ipò padà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti máa ń kọ lu ara wọn.

Kóòṣì Kútọ̀:
Bí ẹ bá ń kọlù wọ́n, ẹnì kan wà níwájú, ẹnì kan wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń kọlù yín, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Ìyẹn rọrùn. Ìgbà tí ẹ bá ń kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni wàhálà wà.

Ẹni tó wà níwájú tó sì gbé ṣọ́tù sókè, kó fà sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ọn. Ẹnìkejì rẹ̀ ló máa gba ẹ̀gbẹ́ tó kù, torí òun ló ń rí gbogbo pápá. Ẹni iwájú kò rí ẹ̀yìn, nítorí náà kì í ṣe òun ni kó yan. Smash àárín ńkọ́? Ẹni tó wà ní ìdàkejì ẹni tó ń gbá smash, ìyẹn ẹni tó jìnnà sí i ní ìdábùú, ni kó gbà á. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tààrà ń ṣọ́ ìlà ẹ̀gbẹ́. Kí wọ́n fẹnu kò sí èyí nílé, kí wọ́n má dúró di ojú ayò kí wọ́n tó máa wojú ara wọn.

Gbólóhùn méjì ló tó nínú ayò: «Tèmi» àti «Fi sílẹ̀». Ẹni ẹ̀yìn ló ń ké «Fi sílẹ̀», torí òun ló rí ìlà. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ìyẹn lọ, ṣọ́tù á ti balẹ̀.

Ọ̀kan tún kù tí àwọn ọmọdé máa ń ṣì. Bí àmì ẹgbẹ́ tó ń sáfù bá jẹ́ 0, 2, 4 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń sáfù. Bó bá jẹ́ 1, 3, 5, apá òsì ni. Bí ẹ bá jẹ àmì nígbà tí ẹ̀ ń sáfù, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ padà, ẹni kan náà á tún sáfù. Bí ẹ bá gba sáfù lọ́wọ́ wọn, ẹ MÁ yí padà. Ẹni tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tó bá iye àmì yín mu ló máa sáfù. Ẹ fi ayò kọ́ wọn, kí wọ́n máa ka àmì sókè fúnra wọn títí á fi mọ́ wọn lára.

Ahunrákẹ́ẹ̀tì Lafẹ́nwá:
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí irinṣẹ́, torí ibẹ̀ ni owó òbí ti ń ṣòfò jù.

Rákẹ́ẹ̀tì: fún ẹlẹ́ni méjì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 4U sí lára, ìyẹn gíráàmù 80 sí 84, tí orí rẹ̀ kò wúwo jù. Èyí tó wúwo lórí ń ran smash lọ́wọ́, ṣùgbọ́n níwájú nẹ́ẹ̀tì ọwọ́ á máa pẹ́ dé. Lójú tèmi, ó sàn kí ọmọ ní rákẹ́ẹ̀tì méjì tí kò wọ́n, tó jọra délẹ̀, ju olówó ńlá kan ṣoṣo lọ. Okùn lè já nígbà tí àmì bá di 19 sí 19, ẹni tó bá mú òmíì tí ìwúwo rẹ̀ yàtọ̀ á kàn máa gbá a síta ni.

Okùn: kí wọ́n fà á dé páùn 22 sí 24 ti tó fún ọjọ́ orí wọn. Àwọn ọmọ máa ń wá sọ́dọ̀ ahunkùn pé kó fà á dé 28 torí wọ́n rí i lórí YouTube. Bí okùn bá ti le tó bẹ́ẹ̀, ibi tó dára láti fi gbá ṣọ́tù á kéré, agbára tí rákẹ́ẹ̀tì ń dá padà á dín kù, èjìká ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a ní ẹ̀gbẹ́ fírémù, okùn á já. Okùn tó nípọn tó mílímítà 0.70 ń pẹ́ ju èyí tó jẹ́ 0.61 lọ. Ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ di ìgbà tí ẹlòmíì bá ń sanwó.

Nígbà tí okùn bá já, ẹ gé gbogbo èyí tó kù lójú ẹsẹ̀, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, apá kan ń fa fírémù, apá kejì kò fà á, fírémù á wọ́. Ẹ má fi rákẹ́ẹ̀tì sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn Abẹ́òkúta, torí ooru ń dẹ okùn.

Wàyí o, ṣọ́tù. Ti ìyẹ́ ni wọ́n ń lò ní ìdíje ńlá: ìyẹ́ 16, ìwúwo gíráàmù 4.74 sí 5.50. Ti ọ̀rá dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá nìkan ṣe ìgbaradì. Ìyẹ́ máa ń yára lọ, ó sì máa ń dúró lójijì lópin ìrìn rẹ̀, ti ọ̀rá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rá bá ti mọ́ lọ́wọ́, gbogbo drop rẹ̀, ìyẹn gbígbá jẹ́jẹ́ tó ń bọ́ sítòsí nẹ́ẹ̀tì, á máa bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá kan ìyẹ́.

Nọ́ńbà tó wà lára ìdérí, 75 títí dé 79, ni ìyára rẹ̀. Kékeré ń lọ díẹ̀díẹ̀, ńlá ń yára. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ṣọ́tù sì ń jìnnà nínú rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ wa níbí, 75 tàbí 76 ló bá a mu. Bí òǹtajà bá ń fún yín ní 78 torí pé ó dínwó, ẹ dá a padà. Bí a ṣe ń dán an wò rèé: ẹ dúró ní ìlà ìparí, ẹ gbá a láti ìsàlẹ̀ sókè pẹ̀lú gbogbo agbára, kó lọ ní gbọọrọ pẹ̀lú ìlà ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kó balẹ̀ kó tó dé ìlà ìparí òdìkejì, ní nǹkan bíi mílímítà 530 sí 990 sí i.

Ìgbà ọyẹ́ ni ẹ máa mọ iye tí ìyẹ́ ń náni. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń sọ ìyẹ́ di ẹlẹgẹ́, smash mẹ́ta, ó ti fọ́. Ẹ se omi nínú kẹ́tù, ẹ ṣí ìdérí agolo ṣọ́tù lókè àti nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí òórù gba ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ wọlé fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀kì. Ẹ dé e padà, kó sùn mọ́jú. Bó bá pẹ́ lórí òórù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti wúwo, ìyẹ́ rẹ̀ á sì rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀jà:
Ṣọ́tù mélòó ni wọ́n ń lò lójúmọ́?

Ahunrákẹ́ẹ̀tì Lafẹ́nwá:
Bí àwọn mẹ́rin bá gbá ayò gidi fún wákàtí méjì, ẹ ka mẹ́fà sí méjìlá. Agolo kan jẹ́ méjìlá. Ẹ kó àwọn tó ti fọ́ díẹ̀ pamọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kóòṣì ń ju ṣọ́tù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta irú wọn nínú agbọ̀n ṣe kókó.

Fisio Ọbáǹtokò:
Bàtà ni ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra rákẹ́ẹ̀tì kejì. Bàtà eré sísá ní fóòmù gíga lẹ́yìn, bí ọmọ bá gbé ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, fóòmù á yí, ọrùn ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e. Bàtà badmíńtọ̀n pẹlẹbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú. Pápá oníkọnkéré tó pọ̀ níbí burú fún orúnkún. Bí kò bá sí pápá onígi tàbí mátì nítòsí, kí wọ́n dín fífò kù lórí kọnkéré, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ sáfù àti ti iwájú nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

Fún iṣan gìgísẹ̀: dídìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta, orúnkún títọ́, lẹ́yìn náà orúnkún títẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ, kó má padà sí ayò títí á fi lè máa fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò láìsí ìrora. «Ó ti ń rọlẹ̀» kò tó.

Ojú ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ẹni tó wà níwájú kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ bá ń gbá smash. Ṣọ́tù alábàáṣe ló sábà ń bá ojú, kì í ṣe ti alátakò nìkan. Kó gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè síwájú ojú, kó wo nẹ́ẹ̀tì. Etí ni kó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Awò ojú tí wọ́n fi polycarbonate ṣe wà, ẹni tó bá lè rà á, kó rà á. Awò gíláàsì lásán léwu ju ojú lásán lọ.

Omi: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nìkan látàárọ̀ dalẹ́ kò tó lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá ayò mẹ́ta. Iyọ̀ ń bá òógùn jáde. Ẹ po ORS bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀.

Òògùn náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti bọ́ sí ìdíje àgbáyé lè rí àwọn tó ń yẹ ìtọ̀ wò nígbàkúgbà, ohun tí wọ́n bá bá lára rẹ̀, tirẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ìyá rẹ̀ ló fún un. Pseudoephedrine tó wà nínú àwọn òògùn ọ̀fìnkìn kan wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje bó bá ti kọjá ìwọ̀n. Àgbo ní tirẹ̀ kò ní àkọlé. Ẹ ò lè fi agolo hàn dókítà, àwọn kan sì ń lọ tábúlẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ọn. Mi ò bú àgbo o, ará Ẹ̀gbá ni mí, ṣùgbọ́n kó dúró nílé. Ohunkóhun tí wọ́n bá lò, kí wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tọ́jú páálí rẹ̀.

Akọ̀wé Ìbarà:
Ìyá Aṣerò, ẹ̀yin lẹ bèèrè owó àti orúkọ. Mo ti ń retí kí wọ́n dákẹ́.

Kò sí ẹni tó lè dá ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àgbáyé. Àjọ badmíńtọ̀n orílẹ̀-èdè, ìyẹn Badminton Federation of Nigeria, ló ń fi orúkọ ránṣẹ́, òun náà ló ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ BWF, ìyẹn àjọ badmíńtọ̀n àgbáyé, fún ọmọ. Láti dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀nà ìpínlẹ̀ ni: ẹgbẹ́ badmíńtọ̀n Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìdíje orílẹ̀-èdè, National Sports Festival. Ìpínlẹ̀ wa gbàlejò àjọ̀dún yẹn lọ́dún 2006, ó tún gbà á ní oṣù karùn-ún 2025, nítorí náà kì í ṣe ohun tó jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ ti ń wo èèyàn.

Àtẹ̀gùn òkè òkun rèé láti ìsàlẹ̀: Future Series, International Series, International Challenge, Super 100, lẹ́yìn náà World Tour tó bẹ̀rẹ̀ láti Super 300 dé Super 1000. Kí wọ́n má ronú Super kankan báyìí. Ti Áfíríkà ni kí wọ́n mú, Èkó fúnra rẹ̀ ti máa ń gbàlejò Lagos International. Bẹ́ẹ̀ ni Bẹ̀nẹ̀, Ivory Coast, Kamẹrúùnù, Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ti gbà á rí. Ìlànà ọjọ́ ń yí padà lọ́dọọdún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìtàkùn BWF. Bí ìdíje bá wà ní Kútọnù, ìròyìn ayọ̀ ni fún ará Abẹ́òkúta: ẹ gba Ìlarò lọ sí Ìdí-Ìrókò, kò sí físà láàárín ECOWAS, ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nìkan ni. Ẹni tó ń lọ sí Nàìróbì, kó rántí pé ìlú náà ga ju mítà 1,600 lọ sókè òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, lift tó ń balẹ̀ sínú níbí á jáde níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n dé ṣáájú ọjọ́ ayò, kí ọwọ́ wọn lè mọ̀ ọ́n.

Ipò àgbáyé: ìdíje 10 tó dára jù láàárín ọ̀sẹ̀ 52 ni wọ́n ń ṣírò. Àmì ọ̀sẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá ń já bọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ lórí ìdíje oṣù mẹ́ta, tó wá jókòó sílé, á rí i bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: àwọn méjèèjì pọ̀ ló ni àmì náà. Bí wọ́n bá túká, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè kó ipò yẹn lọ bá ẹlòmíì.

Nípa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé láàárín ara wọn, kódà bí wọ́n bá jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ojú ìwé kan tó: bí wọ́n á ṣe pín owó ẹ̀bùn, ta ló ń san ṣọ́tù, bí ẹnì kan bá fara pa lẹ́yìn tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló ru ẹrù rẹ̀, oṣù mélòó ṣáájú ni ẹni tó fẹ́ lọ máa sọ. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tó bàjẹ́ torí páálí ṣọ́tù.

Owó ẹ̀bùn: ohun tí ẹlẹ́ni méjì ń gbà fún ipò kan sábà máa ń fi díẹ̀ ju ti ẹlẹ́nìkan lọ, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló ń pín in. Ní ìdíje kékeré, ẹni tó bá jáwé olúborí pàápàá lè má rí owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ padà. Ẹ má fi ẹ̀bùn ṣe ìṣirò oúnjẹ. Ohun tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá ní Nàìjíríà ni iṣẹ́: ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, Sífíìlì Dìfẹ́ǹsì àti ológun ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá, wọ́n sì ń gba ẹni tó bá gba àmì ẹ̀yẹ fún wọn. Ẹ̀kọ́ gíga kò sì gbọ́dọ̀ dúró. FUNAAB wà lẹ́yìn ilé, àwọn yunifásítì ń bá ara wọn díje ní NUGA, ti Pọ́lì ní NIPOGA. Ẹni tó bá mọ rákẹ́ẹ̀tì hun, tó sì ń kọ́ ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé, kì í sùn pẹ̀lú ebi.

Àbúrò Pánsẹ́kẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ṣé kò ní dáa kí wọ́n kọ́kọ́ gbá ẹlẹ́nìkan títí wọ́n á fi dàgbà? Wọ́n ní ẹlẹ́ni méjì, ti àwọn tí ẹlẹ́nìkan ti ṣá tì ni.

Kóòṣì Kútọ̀:
Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Mo gbà pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 máa gbá méjèèjì, torí ẹlẹ́nìkan ń kọ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ẹlẹ́ni méjì, ó sì máa ń pẹ́ lára jù. Hendra Setiawan ará Indonéṣíà gba wúrà Òlíńpíìkì pẹ̀lú Markis Kido lọ́dún 2008, ó tún gba ife àgbáyé pẹ̀lú Mohammad Ahsan ní 2013, 2015 àti 2019, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń wọ 35. Ọwọ́ rẹ̀ níwájú nẹ́ẹ̀tì ló gbé e dé ibẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Nílé wa níbí, Godwin Olofua àti Anuoluwapo Juwon Opeyori gbá ẹlẹ́ni méjì ọkùnrin fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Tokyo.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ẹlẹ́ni méjì takọtabo náà. Ó ń sọ obìnrin tó wà níwájú di akíkanjú, ẹnu ọ̀nà ìdíje méjì sì ṣí dípò ẹyọ kan.

Akọ̀wé Ìbarà:
Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ Òlíńpíìkì, ẹ sọ ti London 2012 fún àwọn ọmọ náà. Ẹlẹ́ni méjì obìnrin mẹ́rin, ọ̀kan láti Ṣáínà, méjì láti Kòríà Gúúsù, ọ̀kan láti Indonéṣíà, ni wọ́n lé kúrò nínú ìdíje torí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pàdánù kí wọ́n lè yan ẹni tí wọ́n máa bá pàdé. Greysia Polii wà nínú wọn. Ó padà wá, ó sì gba wúrà ní Tokyo pẹ̀lú Apriyani Rahayu ní ọmọ ọdún 33, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í rí àyè padà wá. Bí kóòṣì kan bá ní kí wọ́n fi ayò sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì torí ètò kan, kí wọ́n kọ̀. Títa tẹ́tẹ́ lórí badmíńtọ̀n pàápàá léèwọ̀ fún ẹni tó bá ń gbá a, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà, ì báà jẹ́ ayò ẹlòmíì. Bí ẹnì kan bá fi owó lọ̀ wọ́n, kí wọ́n jábọ̀ fún àjọ. Dídákẹ́ náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Aṣerò:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Orí mi ń yí díẹ̀, àmọ́ ó ti ń yé mi. Owó tó wà lọ́wọ́ báyìí kò pọ̀. Kí ni màá kọ́kọ́ rà? Ṣé kí n sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà báyìí tàbí kí n dúró kí ìpínlẹ̀ pè wọ́n?

Ahunrákẹ́ẹ̀tì Lafẹ́nwá:
Bàtà méjì, ẹnì kan ọ̀kan. Lẹ́yìn náà agolo ìyẹ́ méjì lóṣù, kí wọ́n máa fi gbá ayò Sátidé nìkan. Lẹ́yìn náà okùn. Rákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní lọ́wọ́ á tó wọn fún ìgbà díẹ̀, ẹ kàn jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wo fírémù rẹ̀ bóyá ó ti sán lábẹ́ ọ̀dà.

Akọ̀wé Ìbarà:
Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà báyìí, Ìyá wa. Ìdíje máa ń jáde lójijì, orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà kó tó parí. Kí orúkọ tó wà nínú rẹ̀ bá ti WAEC àti ti ìforúkọsílẹ̀ BWF mu lẹ́tà sí lẹ́tà, tórúkọ ìdílé bá pín sí méjì nínú ọ̀kan, kó pín sí méjì nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ má sì san owó tíkẹ́ẹ̀tì kankan tí kò ṣeé dá padà kí ẹ tó rí orúkọ wọn nínú àwọn tó wọlé. Ẹgbẹ́ tí ipò rẹ̀ kéré lè wà lórí àkọsílẹ̀ adúródè títí ọ̀sẹ̀ ìdíje yóò fi kù dẹ̀dẹ̀, àwọn tó wà lókè ni wọ́n ń dúró dè kí ẹnì kan yọ orúkọ kúrò.